Àpò tí ìfun ọmọ mi gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún

Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, mo gbà á ládùúrà pé kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń kà á má nílò rẹ̀ láé. Àmọ́ ẹni tó máa nílò rẹ̀ kì í mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà ò mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Àpò ni. Àpò sílíkónì tó mọ́ gaara bíi dígí, tí òrùka kan tó ṣeé tẹ̀ bíi sípíríǹgì wà ní ẹnu rẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní sílò. Inú rẹ̀ ni ìfun ọmọbìnrin mi gbé fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, tí mo ń wò ó kòrókòró, kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé sínú ikùn tó yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí àwọn tó ń ṣe é ju ẹyọ kan lọ, bí tiwọn sì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àpò náà fúnra rẹ̀ àti ọwọ́ tí wọ́n fi ń lò ó ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Gastroschisis ni orúkọ ohun tí wọ́n bí mọ́ ọmọ mi. Nígbà tí ọmọ bá ṣì ń di ènìyàn nínú oyún, ara iwájú ikùn rẹ̀ máa ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Ti ọmọ mi ò pa dé tán. Ihò kékeré kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ́, lápá ọ̀tún, apá ibẹ̀ náà ló sì máa ń wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó ní irú rẹ̀. Ìfun á gba ihò yẹn jáde, á wá máa léfòó nínú omi oyún fún oṣù bíi mélòó kan láìsí awọ kankan tó bò ó. Omi yẹn kì í ṣe ìfun lóore. Á mú un wú, á mú un nípọn, nǹkan funfun kan á sì bò ó lára bí èèpá. Èyí tó jọ ọ́ wà, tí wọ́n ń pè ní omphalocele. Nínú tìyẹn, ojú ìwọ́ gan-an ni ìfun ń gbà jáde, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì máa ń bò ó, ó sì sábà máa ń bá àwọn àìsàn àbímọ́ mìíràn rìn, bíi ti ọkàn. Gastroschisis sábà máa ń dá wá ni. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọmọ kan nínú 2,000 ni wọ́n ń bí i mọ́. Ọmọ àwọn ìyá tí kò tíì pé ogún ọdún ló wọ́pọ̀ sí jù, kò sì tíì sẹ́ni tó lè sọ pé ìdí rẹ̀ nìyí pàtó.

Ọmọ ogún ọdún ni ìyàwó mi nígbà tó lóyún yìí. Síkáànì méjì la ṣe. Ìkejì, ọ̀sẹ̀ 21 ni oyún wà. Ẹni tó ṣe é yí irinṣẹ́ rẹ̀ lórí ikùn ìyàwó mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ pé, ó ní obìnrin ni, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Ó ń dùn mí títí di òní. Ìfun gbogbo ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ díẹ̀ wọ inú ìwọ́, ó sì máa ń padà wọlé kí oyún tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Láti ìgbà náà lọ, ìfun tó bá ṣì ń fì níta, síkáànì tí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣe lè fi í hàn. Ká ní wọ́n rí i ni, ilé ìwòsàn tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà ni à bá lọ bí i sí. Ilé ìwòsàn kékeré kan la bí i sí, níbi tí kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí àyàfi agbẹ̀bí kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa obìnrin yẹn kí n tó dé orí àpò, torí láìsí òun, àpò ò ní bá ohunkóhun láti gbà là. Àgbà obìnrin ni. Mo gbọ́ igbe ọmọ láti ẹnu ọ̀nà, mo ti ń rẹ́rìn-ín, ni yàrá bá dákẹ́ lójijì. Kò pẹ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Bàbá ọmọ, ẹ wọlé. Ọmọ yín wà láàyè, ó ń ké dáadáa. Àmọ́ ẹ máa rí nǹkan kan, ẹ má pariwo, nítorí ìyá rẹ̀.”

Mi ò pariwo. Ìfun ni mo rí, ó tó ìkúnwọ́ àgbàlagbà, ó pupa, ó tutù lójú, ó lọ́ mọ́ra lórí ikùn kékeré yẹn bí okùn tí ẹnì kan jù sílẹ̀. Ẹnì kan nínú yàrá ní ká rọra tì í padà. Agbẹ̀bí náà dáhùn kíá: “Ẹ ò gbọdọ̀.” Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó fi ọ̀rá tó mọ́ tónítóní wé ìfun náà àti ikùn ọmọ pọ̀, kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ, kí òtútù má sì wọ̀ ọ́ lára. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbé e sùn, ó ní tí ìfun bá wó sí ẹ̀gbẹ́ kan, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ á ká, ìfun á sì kú. Ó ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀ dé ikùn, omi òróòro aláwọ̀ ewé sì ń kán jáde níbẹ̀. Ó fi fìlà bò ó lórí. Ohun kan tún wà tó ṣe tí mi ò kà sí nígbà náà: kò gé ìwọ́ mọ́lẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ gùn, ó tó ìbú ọwọ́ kan, ó sì fi ọ̀rá bò ó pẹ̀lú ìfun. Ó ní, “Ó lè wúlò fún wọn níwájú.”

Wákàtí méjì la lò lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ìyàwó mi dúró sẹ́yìn, ojú ọmọ nìkan ló rí.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó gbà wá, obìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Kò fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dà mí láàmú. Ó mú bébà, ó ya ikùn, ó ya ihò, ó ní, “Ẹ wò ó, sà. Ìfun yìí ò gbé inú ilé yìí dàgbà, ilé náà ò sì fẹ̀ dé ìwọ̀n rẹ̀. Tí mo bá kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, inú á le gan-an, á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé kíndìnrín dáadáa. Àwọn ọmọ kan wà tí ikùn wọn máa ń gbà á lọ́jọ́ kan náà. Tiyín ò lè gbà á.” Mo ti wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn dókítà ò tíì fẹnu kò lórí èyí. Àwọn kan gbà pé kí wọ́n tì í wọlé lọ́jọ́ kìíní tó bá ti ṣeé ṣe, àwọn mìíràn gbà pé àpò ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò fún gbogbo ọmọ. Mi ò bá wọn dá sí i. Ìfun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn àti ikùn tí mo rí, ọ̀kan ò lè gba ìkejì.

Ibi tí ọjà yìí ti kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò gbé ọmọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn ò sì fi oògùn kùn ún sùn. Orí ibùsùn tí iná ń mú móoru yẹn ni dókítà ti ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan di orí rẹ̀ mú, èmi di ẹsẹ̀. Dókítà ya pálí kan, àpò náà wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ, ó ń dán. Ó ní oríṣiríṣi fífẹ̀ ló wà, ó sì mú èyí tí òrùka rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Ó rọra da ìfun sínú àpò láti ẹnu, ó ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni ń ká aṣọ olówó iyebíye. Lẹ́yìn náà ló fún òrùka pọ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, títí òrùka fi rí bíi nọ́ńbà 8, ó kì í bọ inú ihò, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Òrùka ṣí padà nínú ikùn, lábẹ́ ara, ó dì í mú láti inú. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú kankan. Ó so orí àpò mọ́ irin tó wà lókè ibùsùn. Mo wo aago: kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Ìfun ọmọ mi wá dúró lóòró lókè ikùn rẹ̀ bí òpó kékeré nínú dígí. Ọmọ náà sì sùn.

Ìwúwo ìfun náà ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù. Ìfun tó so lókè fẹ́ wálẹ̀, ara ọmọ náà sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti gbà á. Láàárọ̀ àti lálẹ́, dókítà á fi ọwọ́ kan fún orí àpò wálẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa wo ojú ọmọ àti ẹ̀rọ tó ń ka èémí rẹ̀, á sì fi ọ̀já funfun kan dè é lábẹ́ ibi tó fún dé, kí èyí tó ti wọlé má bàa padà. Tí inú ọmọ bá le jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, á tú ọ̀já náà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú mi, ní ọjọ́ kẹta, torí ìtọ̀ tó wà nínú rọ́bà kò gòkè fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àpò ní ọjọ́ kan, ó ní kí n fi ìka mi wọ̀n ọ́n láti ìta tí mo bá fẹ́. Mo fẹ́. Mo mú ìwé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó dára jù lọ lára àpò yìí ni pé ojú ń ríran gba inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó le fún òbí láti wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ń yí ojú mi kúrò. Àmọ́ àwọ̀ ìfun ni ìròyìn tí ẹ̀ ń wá. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Tó bá ń ṣú lọ sí àwọ̀ àlùkò, ewu ti dé, ẹ ò sì ní láti dúró de àyẹ̀wò kankan. Nọ́ọ̀sì máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní wákàtí wákàtí, ó máa ń kọ ohun tó rí. Ká ní aṣọ ni wọ́n fi wé e, tàbí ọ̀rá tó ṣú, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kejì.

Aago méjì òru kọjá díẹ̀. Mo sùn lórí àga, mo jí, mi ò mọ ohun tó jí mi. Àpò náà ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀. Mo dìde, mo sún mọ́ ọn. Ní ìdí rẹ̀, níbi tí ara ọmọ ti pàdé àpò, mo rí etí òrùka. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i, mi ò rí etí òrùka rí, torí inú ikùn ló wà. Ìfun tó wà lápá ibẹ̀ sì ti ń ṣú. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ń tọ́jú ọmọ mìíràn lápá kejì yàrá. Mo ní, “Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó, òrùka ti yọ.” Ó sáré wá. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà dúró ṣánṣán lójú ẹsẹ̀, kò tún jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kí n tẹ agogo tó wà lára ògiri. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ère títí dókítà fi dé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n yọ àpò àkọ́kọ́, wọ́n fi èyí tí òrùka rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 rọ́pò rẹ̀. Ká tó pé wákàtí kan, àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Dókítà wá jókòó tì mí, ó ní òrùka tí òun kọ́kọ́ lò kéré díẹ̀ sí ihò náà, okùn tí wọ́n sì fi so ó sókè ti le jù. Kò fi pa mọ́ fún mi. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Àléébù ọjà náà nìyẹn, kì í sì í ṣe ti ọmọ mi nìkan. Ohun tí òrùka fi ń di ara mú náà ló fi lè yọ: kò sí òwú tó rán an mọ́ ara. Bí wọ́n bá sì ṣe yára fi sí i tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń yára jáde tí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá ṣe déédéé. Àpò tí ọmọ mi lò kò ní àmì kankan lára, ìlà kékeré kan tó máa jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òrùka ti ń yọ. Kò ní ìlà ìwọ̀n náà. Ìka mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, gègé ni nọ́ọ̀sì fi ń fa ìlà sí i lára. Ilé iṣẹ́ tó lè ṣe sílíkónì tó mọ́ gaara báyìí, ó yẹ kó lè tẹ ìlà díẹ̀ sí i. Ìdí àpò sì máa ń tutù. Omi ń rọ́ jáde níbi tó ti pàdé ara, wọ́n ń pààrọ̀ báńdéèjì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, awọ ibẹ̀ sì bó díẹ̀. Ẹ ò sì lè gbé ọmọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tí kò ṣe é rí, kí ọmọ máa sunkún lójú yín, kí ó má sì sí ohun tí ẹ lè fún un ju ìka kan ṣoṣo tó ń dì mú lọ.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó mi dé. Ó dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn, kò sún mọ́ ọn. Ohun tó kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, “Kí ni mo ṣe?” Dókítà ní, “Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Kò sí nǹkan tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ gbé tó fa èyí.” Ìyàwó mi sọkún. Nọ́ọ̀sì àgbà kan mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi apakòkòrò pa á, ó sì gbé ẹ̀yìn ìka rẹ̀ kan lé ara àpò náà láti ìta. Ó ní, “Ẹ gbọ́, ó lọ́wọ́ọ́wọ́.” Ìyàwó mi fi ìka rẹ̀ síbẹ̀. A rí i nígbà tí ìfun náà rọra lọ́ra lábẹ́ sílíkónì, bí ẹni ń jí láti ojú oorun. Láti ọjọ́ kìíní, kò tíì mira lójú mi. Nọ́ọ̀sì náà ní, “Ó ti ń rántí iṣẹ́ rẹ̀.”

Ọjọ́ karùn-ún, gbogbo rẹ̀ wọlé. Mo rò pé wọ́n máa wá gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà yọ àpò, ó mú ìwọ́ tí agbẹ̀bí yẹn fi sílẹ̀ gùn, tí wọ́n ti ń fi omi iyọ̀ rin láti ọjọ́ tí a ti dé, ó ká a sórí ihò náà bí ìdérí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tán. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ló kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní ọdún 2004, ara ọmọ á máa sún wá fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìwọ́ náà títí ihò á fi dí. Mo pe agbẹ̀bí lórí fóònù, mo ní, “Mà, ìwọ́ yẹn wúlò.” Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọmọ kí òun gbọ́ bó ṣe ń mí.

Àpò kọ́ ló parí iṣẹ́ o, kí ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ìfun tó ti wà níta fún oṣù mélòó kan kì í mọ iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ kan. Fún ọjọ́ 23, rọ́bà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí wọ́n kì bọ iṣan ọmọ mi, ni gbogbo ohun tó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró ń gbà wọlé. Oúnjẹ inú iṣan yìí, dókítà Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ló fi hàn ní òpin àwọn ọdún 1960 pé ọmọ lè fi òun nìkan dàgbà. Ṣáájú ìgbà náà, dókítà lè dá ìfun padà sínú ikùn kí ebi sì pa ọmọ kú. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ohun tó ń jáde nínú rọ́bà imú rẹ̀: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó jáde bí omi lásán. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún un ní omi ọyàn ìyá rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú síríńjì, mìlílítà 2. Ọjọ́ 34 la gbé e lọ sílé.

Mo ti kà nípa ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1967, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Samuel Schuster, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè rán aṣọ ike mọ́ ara ikùn ọmọ kí wọ́n sì máa fún un wálẹ̀ lójoojúmọ́. Ìtàn àpò yìí ti ibẹ̀ wá. Àárín àwọn ọdún 1990 ni olórùka tí a kì í rán yìí tó dé. Ìwádìí ńlá kan sì jáde ní ọdún 2021, ilé ìwòsàn 264 ní orílẹ̀-èdè 74 ló kópa nínú rẹ̀. Lára àwọn ọmọ tó ní gastroschisis ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù, méjì péré ló kú nínú 139. Ní àwọn tó wà láàárín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní àwọn tó tálákà jù, ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n kà, mẹ́sàn-án kú. Àìsàn kan náà ni o. Níbi tí kò ti sí àpò yìí, mo kà pé àwọn dókítà ti fi àpò omi dírípù ṣe é, wọ́n ti fi àpò ìtọ̀ ṣe é, wọ́n ti fi kọ́ńdọ̀mù obìnrin ṣe é, torí pé òun náà ní òrùka lẹ́nu. Mo kí wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ronú kan ìyẹn lóru, tí ọmọ ń kú lọ níwájú rẹ̀, ó mọ ohun tí àpò yìí wà fún.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìràwọ̀ karùn-ún wà lọ́wọ́ mi fún ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ ìlà sí i lára, kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́fà lóru lè mọ̀ láti ọ̀ọ́kán pé òrùka ti sún. Ẹni tí síkáànì bá sọ fún pé ìfun ọmọ rẹ̀ wà níta, ẹ bi ilé ìwòsàn yín kí ọjọ́ ìbí tó pé: ṣé àpò náà wà nílẹ̀, ṣé ju fífẹ̀ kan lọ ló wà, ta ni á máa wò ó láàárín aago méjìlá òru sí ìdájí? Kí ẹ sì sọ fún agbẹ̀bí pé kó má gé ìwọ́ kúrú.

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àpò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ká a sínú ìwé ìwòsàn rẹ̀. Ìlà márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan, ìlà kan. Ìka mẹ́jọ. Ìka mẹ́jọ. Ìka márùn-ún. Ìka mẹ́ta. Òfo.